Ẹsẹ̀ Sílípáàsì Kan Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Ṣakí

Darkuman, Accra.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín kí n tó gbé bírò, mo sì ti tètè dìde, torí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé Ìyá Àgbà le ju eyín ọ̀nì lọ.

Mo mọ̀ pé òbí ló máa ń kọ irú lẹ́tà yìí. Ọmọ á ríṣẹ́ sí ìlú mìíràn, tàbí kó gbéyàwó, òbí á wá jókòó, á kó gbogbo àṣìṣe ìgbà èwe rẹ̀ jọ, á fi ṣe ìmọ̀ràn. Ṣùgbọ́n nílé tiwa, ẹ̀yin lẹ ríṣẹ́ sí Ṣakí, ẹ̀yin náà lẹ gbéyàwó níbẹ̀, èmi ni mo ṣẹ́ kù sílé. Ẹni tó bá ṣẹ́ kù sílé ló ń kọ lẹ́tà. Ẹ má bínú. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ ti gbọ́n fún mi títí mo fi di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹ jẹ́ kí èmi náà gbọ́n fún yín díẹ̀.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: ìyàwó yín kò mọ̀ pé mo wà láyé. Gbogbo ẹbí yín ní Ṣakí mọ̀, òun nìkan ni kò mọ̀. Màá sọ bí mo ṣe gbọ́. Ohun tí mo sì fẹ́ kò pọ̀: kí ẹ sọ fún un. Kí ẹ pe orúkọ mi, Sìkírátù, nínú ilé yẹn, kó gbọ́ ọ láti ẹnu yín. Gbogbo ìyókù tí mo bá kọ, ẹran orí wáákyé, ìrẹsì ẹlẹ́wà wa, ni. Wáákyé gan-an nìyẹn.

Ìmọ̀ràn kìíní jẹ́ lórí ọbẹ̀. Nígbà èwe mi, ìyẹn ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo lọ jẹun nílé ọ̀rẹ́ mi kan ní Kaneshie, mo sì padà wá sọ fún Ìyá Àgbà pé shito, ata dídín, tí ìyá ọ̀rẹ́ mi ń sè dùn ju tirẹ̀ lọ. Ẹ mọ Ìyá Àgbà. Kò bínú rárá. Ó kàn ní kí n máa lọ jẹun níbi tí oúnjẹ ti dùn. Gàárì ni mo fi ọ̀sẹ̀ náà mu, mo rù títí afẹ́fẹ́ ilé ẹ̀kọ́ fi fẹ́ gbé mi sọ sókun. Nítorí náà, ẹ má ṣe yin ọbẹ̀ obìnrin kan lójú obìnrin mìíràn. Ẹ má tilẹ̀ sọ pé, "Báyìí kọ́ ni ìyá Sìkírátù ṣe máa ń sè é." Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀rọ̀ náà kò dára. Lẹ́ẹ̀kejì, á bi yín pé ta ni Sìkírátù.

Èkejì: ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ ń hanrun. Kó má lọ rò pé ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù ni wọ́n gbé wọ yàrá.

Ẹ̀kẹta le díẹ̀. Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ lọ, àwọn ọmọ kíláàsì mi, tí wọ́n ń pe gbogbo ọmọ Yorùbá ní Alata, bi mí pé, "Alata, bàbá ẹ dà?" Mo ní wọ́n ti mú yín lọ jọba ní Ṣakí. Ẹnu mi ló yá ju orí mi lọ. Ní ọjọ́ kejì wọ́n ní kí n mú fọ́tò adé wá. Mo ní adé náà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí kò wọ inú fóònù. Wọ́n ní èwo wá ni tèmi, ọmọọba tó ń ta káàdì fóònù lẹ́bàá ọ̀nà. Mo ní aṣọ ara mi ni mo fi bojú. Báyìí ni mo ṣe ń bọ́ irọ́ náà lójoojúmọ́ bí ẹni tó ń sin àgbò iléyá, ó ń sanra, èmi ń rù. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ti tèmi kò tó oṣù kan. Ìyá ọ̀rẹ́ mi kan wá ra súgà ní kíóósì wa, ó sì bi Ìyá Àgbà bóyá ọba tuntun ti ṣe ìwúyè. Mi ò ní sọ ohun tí ojú mi rí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé ohun tí ẹ ò sọ fún ìyàwó yín, àgbò náà ni. Ẹ̀yin lẹ ń já koríko fún un báyìí.

Ó tó, mo ti fẹ́ sọ ti ẹgbẹ́. Ẹ mọ ìtàn ẹgbẹ́ jù mí lọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ẹnì kan lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tó ń bá yín ka lẹ́tà yìí. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí bàbá mi ń ta okùn àti tapólì ní Makola, Àǹtí Esi tó jẹ́ olùkọ́ wá ra okùn, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bàbá mi bi wọ́n pé, kí ni wọ́n fẹ́ so mọ́ ọn. Wọ́n ní ara àwọn ni. Wọ́n ní ihò àpáta wà ní Òkè Shai, lẹ́yìn ìlú, àwọn fẹ́ máa wọ̀ ọ́ kí àwọn mọ ibi tó já sí. Bàbá mi ní òun kò ní ta okùn tí wọ́n á fi kú. Ó palẹ̀ ọjà mọ́, ó tẹ̀ lé wọn lọ wo ihò náà. Ọjọ́ yẹn ni ẹgbẹ́ awọ̀hò bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọdún tó fi bá wọn lọ, kò wọ inú rẹ̀ rí. Bàbá mi tí àwọn agbèrò Makola ń sá fún, àdán tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ló lé e padà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wá gbé àga síta, ó fi ara rẹ̀ joyè Ẹlẹ́nu-Ihò, ó ń ṣọ́ sílípáàsì.

Òfin sílípáàsì, òun ló ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á bọ́ ṣálè-wótè rẹ̀, ìyẹn sílípáàsì, á wọ bàtà líle. Ẹlẹ́nu-Ihò á to gbogbo sílípáàsì náà sórí ìlà, orí wọn á kọjú síta, kí ẹsẹ̀ lè rántí ọ̀nà ilé. Ẹni tó bá jáde, òun fúnra rẹ̀ ni yóò mú tirẹ̀. Ẹnìkan kò gbọ́dọ̀ bá ẹlòmíràn mú un, ìbáà ṣe ọmọ ìyá rẹ̀. Bí sílípáàsì bá ṣẹ́ kù lórí ìlà, ènìyàn ṣì wà nínú òkùnkùn nìyẹn, Ẹlẹ́nu-Ihò kò sì gbọ́dọ̀ dìde.

Ẹ̀yin náà nìyẹn, Bàbá. Mo padà sọ́dọ̀ yín.

Ẹ sọ fún mi lórí fóònù pé bí Ọlọ́run bá fẹ́, ẹ ó wá síbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́. Èmi wá fẹ́ ẹ jù yín lọ, mo sì lọ sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ pé ẹ ti wà lójú ọ̀nà. Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé náà tí bọ́ọ̀sì tròtrò gbé wa dé ẹsẹ̀ òkè tí ẹ ò sí níbẹ̀, mo ní bọ́ọ̀sì yín ló pẹ́. Àǹtí Esi ti se kéèkì kan tó dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò, ó fi bisikíìtì ṣe àdán sí i lára. Ó ní kò sí ẹni tó máa gé e títí Ẹlẹ́nu-Ihò á fi dé. Lẹ́yìn náà ó fa mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Sìkí, bí bàbá ẹ kò bá dé lónìí, Yaw la máa fi sórí àga. Ihò kò lè wà láìní olùṣọ́."

"Ó ń bọ̀, Àǹtí."

"Mo gbọ́. Àmọ́ bí kò bá dé ni mo sọ."

Ẹ rántí Yaw, tó ń gẹrun ní Darkuman, tí kì í rẹ́rìn-ín àfi bí ó bá gé etí oníbàárà. Ó ti jókòó sórí àga yín, ó na ẹ̀yìn gbọọrọ bí ẹni tí wọ́n fi igi há lẹ́yìn.

Mo ti mú sílípáàsì yín dání láti ilé, èyí aláwọ̀ búlúù tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ tán, tí ẹ fi okùn tapólì tún awọ rẹ̀ so. Mi ò mọ ìdí tí mo fi mú un. Bóyá mo rò pé bí ẹ bá dé, ẹ ó nílò rẹ̀. Nígbà tí Yaw yíjú sí ọ̀bọ kan tó ń wo kéèkì, mo fi í sórí ìlà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, orí rẹ̀ síta. Ó dùn mọ́ mi. Lójú ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè, a ti wọlé pọ̀ nìyẹn.

A wọlé, a rìn dé ibi tí àdán ti pọ̀ ju ènìyàn Makola lọ, a kọrin fún ara wa nínú òkùnkùn, a jáde. Oníkálukú mú sílípáàsì tirẹ̀. Èmi náà mú tèmi. Àǹtí Esi gbé ọ̀bẹ sókè.

Yaw kò dìde. "Ẹnì kan ṣì wà nínú," ló wí.

A wo ara wa. Gbogbo wa pé. Àǹtí Esi ní, "Yaw, gbogbo wa rèé. Dìde ká jẹun."

"Sílípáàsì kan wà nílẹ̀, Àǹtí. Ẹnì kan ṣì wà nínú."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu mi kò ṣí. Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ pé bí mo bá sùn gan-an ẹnu mi kì í dákẹ́. Àwọn ọkùnrin tún tọ́ọ̀ṣì tàn, wọ́n padà sínú. Àǹtí Esi dúró lẹ́nu ihò, ó ń ké pe ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀ pé, "Jáde o, ìwọ tó wà níbẹ̀, a fẹ́ gé kéèkì." Òòrùn ọjọ́ náà lè dín ẹyin lórí apárí. Ọ̀bọ yẹn, tó ga tó tròtrò, wá bù nínú kéèkì, ó jẹ àdán méjì, ó sì jókòó tì wá bí ọmọ ẹgbẹ́. Nígbà tí mo rí i pé wọ́n ń so okùn mọ́ra láti sọ̀ kalẹ̀ sí kòtò ìsàlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í dé, ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Ti bàbá mi ni."

Yaw wò mí. "Alata, bàbá ẹ ti wọlé?"

"Ó wà ní Ṣakí."

"Ta ló wá gbé sílípáàsì rẹ̀ síbí?"

"Èmi ni."

"Nítorí kí ni?"

Mo rò pé ẹnìkan á rẹ́rìn-ín, ǹ bá fi bú u kí ara mi fúyẹ́. Ẹnìkan kò rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀ kí n mú sílípáàsì náà, Yaw fi ẹsẹ̀ dí mi.

"Òfin bàbá ẹ ni, kì í ṣe tèmi. Olóhun ló ń mú ohun rẹ̀. Pè é, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí o mú un."

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà lórí òkè yẹn ju ti ilé wa lọ. Mo pè yín, wọ́n ní kí n fi sí lóúdísípíkà kí gbogbo ẹgbẹ́ lè gbọ́ ohùn yín. Ó dún títí. Obìnrin kan ló gbé e. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù.

"Ẹ kú ọ̀sán o. Ta ni?"

"Ẹ kú ọ̀sán, mà. Bàbá mi ni mò ń wá."

"Ta ni bàbá ẹ?"

Mo dárúkọ yín.

"Ọkọ mi nìyẹn. Wọ́n ti lọ kírun, wọ́n gbàgbé fóònù sílé." Mo ń gbọ́ adìyẹ lẹ́yìn rẹ̀. "Wọn ò sọ fún mi pé àwọn bímọ. Ọmọ wo ni ìwọ?"

Bàbá, mo lè sọ ọ́ níbẹ̀. Mo lè ju ọ̀rọ̀ náà sínú ilé yín bí òkúta kí n sì pa fóònù. Ẹ mọ̀ pé mo lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti ṣe èyí tó burú jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ohùn obìnrin náà kò ní ibi kankan nínú, mo sì rò ó pé bóyá ẹ ń wá ọjọ́ tó dára láti sọ ọ́ ni, kí n má bà á jẹ́ fún yín.

Mo ní, "Ọmọ ẹgbẹ́ wọn ni mí, mà, ní Accra. Gbogbo wa la máa ń pè wọ́n ní Bàbá."

"Áà. Ẹ kú iṣẹ́ o." "Ọmọ yìí, ohùn ẹ ti há. Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà."

"Jẹun dáadáa o. Màá sọ fún wọn pé ẹ pè."

Ó pa fóònù. Ẹ rántí pé kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá nínú ẹgbẹ́ yẹn lẹ́yìn èmi àti ẹ̀yin. Gbogbo wọn ń wò mí. Àǹtí Esi ní, "Kí ló wí?"

Mo ní, "Ìyàwó bàbá mi ni. Bàbá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ ló dì í mọ́lẹ̀. Ó ní kí n kí gbogbo yín, kí Yaw jókòó dáadáa lórí àga òun. Ó ní kí ọmọ òun bá òun mú sílípáàsì òun." Mo tún un sọ: "Ọmọ òun, ló wí." Mo fẹ́ tún un gbọ́ ni.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún yín, Bàbá. Yaw dìde, ó bọ́ fìlà. Àǹtí Esi gé ibi tó tóbi jù nínú kéèkì fún mi, ó ní tiyín ni. Mo gbé e wálé nínú ọ̀rá, mi ò fọwọ́ kàn án. Ìyá Àgbà bi mí pé, "Bàbá rẹ ń kọ́?" Mo ní ẹ ń kí i. Ó wo ojú mi, ó gbé abọ́ gàárì síwájú mi. Láti ọjọ́ náà, fóònù yín kò tíì pè mí. Mi ò mọ̀ bóyá ìyàwó yín jíṣẹ́. Mo rò pé ó jẹ́ ẹ. Mo rò pé ẹ̀yin ni ẹ ń wo fóònù náà bí ẹ ṣe máa ń wo àdán.

Mi ò mọ iye ìmọ̀ràn tí mo kà dé, àmọ́ èyí ló kẹ́yìn.

Ẹ rántí ọdún tí mo kọ́kọ́ wọ ihò yẹn. Mo fẹ́ dẹ́rù ba àwọn tó ṣáájú mi, mo wá pa tọ́ọ̀ṣì mi, mo fara pamọ́ sí kọ̀rọ̀ kan. Wọ́n kọjá lọ láìrí mi. Mo ń rẹ́rìn-ín lábẹ́nú. Nígbà tí mo fẹ́ tan tọ́ọ̀ṣì padà, kò tàn mọ́. Bàbá, òkùnkùn inú ilé kì í ṣe òkùnkùn. Èyí yẹn ní ìwúwo, ó jókòó sí mi láyà. Mo gbé ọwọ́ sókè, mi ò rí ọwọ́. Mo rò pé mi ò sí mọ́, pé ẹni tí ẹnìkan kò rí, tí òun náà kò rí ara rẹ̀, ti tán nìyẹn. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn yín láti ẹnu ihò. Ẹ ti rí i pé sílípáàsì mi nìkan ló kù. Ẹ ò wọlé, ẹ̀rù ń bà yín. Àmọ́ ẹ ń pe "Sìkírátù," ẹ ń pè é, ẹ ò sinmi, títí ohùn yín fi ya. Mo tẹ̀ lé orúkọ mi bí ẹni tó di okùn mú. Mo jáde sí òòrùn, ẹ gbá mi létí, ẹ sì dì mọ́ mi kí etí mi tó dákẹ́ híhó.

Ohun tí mo mọ̀ láti ọjọ́ náà ni pé kò pọn dandan kí ènìyàn ní ìgboyà kó tó lè mú ẹlòmíràn jáde. Kó ṣáà máa pe orúkọ rẹ̀ ni. Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ padà wá. Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ fi ìyàwó yín sílẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, èmi àti ẹ̀yin ni, torí òun nìkan ló bi mí ní ọjọ́ ayẹyẹ yẹn bóyá mo ti jẹun. Ẹ ṣáà pè mí. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà ibi tí ẹ wà yẹn, pẹ̀lú ẹ̀rù yín, kí ẹ pè mí kó gbọ́.

Mo mọ̀ yín, ẹ lè ka lẹ́tà yìí tán kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ ẹní. Nítorí náà, Alhájà kan láti ọjà Cow Lane níbí tó máa ń kó ọjà lọ sí Ṣakí bá mi mú nǹkan dání. Ẹsẹ̀ òsì sílípáàsì yín ni. Mi ò fi nǹkan dì í. Mo ní kí Alhájà má fi lé yín lọ́wọ́. Kó fi lé ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn, mo sì mọ̀ pé ẹ̀yin kì í ṣílẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wà lọ́dọ̀ mi, lẹ́nu ọ̀nà wa ní Darkuman, mo kọ orí rẹ̀ sínú ilé. Ìyá Àgbà ń gbálẹ̀ yí i ká, kò gbé e kúrò. Òfin yín ṣì ni: olóhun ló ń mú ohun rẹ̀.

Ìyàwó yín á gbé ẹsẹ̀ kan náà dání, á bi yín pé èkejì dà, ta ló sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń dá a lóhùn, ẹ bá mi sọ fún un pé irọ́ ni mo pa fún un ní ọjọ́ náà, mi ò tíì jẹun. Ẹ ní mo ti jẹun báyìí.

Èmi ni,
Sìkírátù, ọmọ yín.